Ìfọwọ́ra Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Yẹpẹrẹ

Kò sí agbo ilé kan ní orílẹ̀-èdè yìí, láti Sókótó títí dé Kàlàbá, tí a kò ti mọ iṣẹ́ ìfọwọ́ra. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ti oko dé tí ẹ̀yìn ń ro ó, yóò dojú bolẹ̀ lórí ẹní, yóò sì pe ọmọ rẹ̀ kékeré kan kí ó wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ òun lẹ́yìn. Nígbà tí a bá bí ọmọ, ìyá àgbà ni yóò jókòó lórí àpótí, tí yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, tí yóò gbé ọmọ lé e, tí yóò sì fi òrí tàbí àdín ra á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn Haúsá ń pe iṣẹ́ yìí ní tausa. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ìyá tí ó wá ṣe ọmụgwọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó bímọ ni yóò máa fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ohun tí ó gbilẹ̀ láàárín wa tó báyìí kò yẹ ní ohun tí a ń fi ojú tín-ín-rín wò. Kò sì yẹ ní ohun tí a fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ti ní ọwọ́ méjì.

Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni àwọn tí ó kàwé, tí wọ́n gbà pé ohun tí kò bá ti inú ìgò tàbí abẹ́rẹ́ jáde kì í ṣe ìṣègùn. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí ń kiri ọjà àti ibùdókọ̀, tí wọ́n ń kéde pé ọwọ́ àwọn lè wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹjẹrẹ àti àìrọ́mọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tiwa, a kò bá ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì rìn. A gbà pé ìfọwọ́ra ní àǹfààní tí a ti wádìí tí a sì rí, pé àǹfààní náà ní ààlà, àti pé níbi tí kò yẹ kí ọwọ́ dé, ọwọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà. Nítorí èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí gan-an ni a ṣe mú gègé lọ́wọ́.

Kí a kọ́kọ́ sọ ti àǹfààní. Ní ọdún 1986, onímọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, Tiffany Field, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 40 tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Wọ́n ń fi ọwọ́ ra 20 nínú wọn, wọ́n sì ń ká apá àti ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń nà án, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ìṣẹ́jú 15 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ 10. Àwọn 20 yòókù ń gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń mu kò ju ara wọn lọ. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí ara àwọn ọmọ tí a ń fọwọ́ ra fi ń wúwo sí i lójoojúmọ́ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì fi ọjọ́ 6 ṣáájú wọn kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá mọ iye tí bàbá ọmọ ń san lójúmọ́ kan ní ilé ìwòsàn ńlá ní orílẹ̀-èdè yìí kò ní fi ọjọ́ 6 ṣeré.

Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe kì í ṣe awo. Iṣan ńlá kan wà tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀, tí ó gba ọrùn kọjá, tí ó sì dé ọkàn àti ikùn. Nígbà tí a bá tẹ awọ ara, iṣan yìí a jí sí iṣẹ́ rẹ̀, ọkàn a máa lù pẹ̀sẹ̀, ikùn a sì máa lo oúnjẹ dáradára. Wọ́n tún rí i pé ọwọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ara kò wúlò; ńṣe ni ó ń yọ ọmọ lẹ́nu. Ọwọ́ tí ó ní agbára níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa àgbà ti mọ èyí láìjẹ́ pé wọ́n dé Florida, nítorí a kò tí ì rí ọ̀kan nínú wọn kí ó máa fi orí ìka ra ọmọ bí ẹni tí ń nu gíláàsì.

Ti àgbàlagbà náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà kó ọ̀dọ́mọkùnrin 11 jọ, wọ́n ní kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ títí yóò fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n fi èkejì sílẹ̀, wọ́n sì bu ẹran ara bíńtín láti inú ẹsẹ̀ méjèèjì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ẹsẹ̀ tí a rà, ohun tí ń mú ara wú tí ó sì ń mú un gbóná lẹ́yìn iṣẹ́ agbára ti rọlẹ̀. Ohun tí ń sún ara láti ṣe agbára tuntun sì ti ru sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ pé ńṣe ni ìfọwọ́ra ń fọ ìdọ̀tí iṣẹ́ kúrò nínú ẹran ara. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wá a, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí ń polówó ọwọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀yin ònkàwé wa ni ẹ̀yìn ríro. Ní ọdún 2011, a tẹ ìwádìí kan jáde láti ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, lórí ènìyàn 401 tí ẹ̀yìn ti ń ro pẹ́. A fi ọwọ́ ra àwọn kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10; àwọn yòókù ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ara tu àwọn tí a fọwọ́ ra ju àwọn yòókù lọ, ó sì rọrùn fún wọn láti dìde, láti tẹ̀ àti láti ṣiṣẹ́. Àǹfààní náà ṣì hàn ní oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ọdún kan fi pé, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ kéré. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Amẹ́ríkà gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé bí ẹ̀yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ro ènìyàn, kí wọ́n kọ́kọ́ dán ìgbóná àti ìfọwọ́ra wò pẹ̀lú àwọn ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe oògùn, kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ àpò oògùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé. Alábàárù tí ń ru àpò ìrẹsì ní ọjà Mile 12 ní Èkó, tàbí ní ọjà Kurmi ní Kánò, tàbí ní Ọ̀níṣà, kì í rí ẹni fọwọ́ ra òun lẹ́yìn. Oògùn ìrora aláwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí a dì sínú ọ̀rá kékeré ni ó ń gbé mì lálaalẹ́ kí ó lè dìde láàárọ̀. Àwọn oògùn náà a máa dá egbò sí inú ikùn, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́. Ní ìlú kan náà, àwọn olówó ń san owó gọbọi ní àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní spa, níbi tí a ti ń tan iná olóòórùn dídùn, tí a sì ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn tí kò ru ẹrù rí. A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ó nílò ọwọ́ jù lọ ni ọwọ́ jìnnà sí jù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ wa kọjá ibi tí ó dé. Ìfọwọ́ra kì í wo ìtọ̀ ṣúgà, kì í lé ibà, kì í yọ kókó kúrò nínú ilé ọmọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù kò ní fi òróró àti ọwọ́ nìkan rìn. Ẹsẹ̀ àti apá náà gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ó ṣe iyebíye jù lọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kiri ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi òróró wọ́ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ikú. Ní ọ̀pọ̀ ibi lórílẹ̀-èdè yìí, àti ní pàtàkì ní àwọn ìlú etí omi ní gúúsù, obìnrin tí ó lóyún a máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń wọ́ ikùn. Òun kì í ṣe òmùgọ̀. A ti sọ fún un pé wíwọ́ náà yóò mú kí ọmọ kọ orí sí ibi tí ó yẹ, pé yóò mú ìrora kúrò, àti pé kò ní jẹ́ kí a fi ọ̀bẹ gbẹ̀bí òun. Ìbẹ̀rù ọ̀bẹ àti owó ọ̀bẹ ni ó ń lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi agbára tẹ ikùn bẹ́ẹ̀, ibi ọmọ lè ya kúrò lára ilé ọmọ kí àkókò tó tó, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà sí inú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ó bá jẹ́ ìyá tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, ojú àpá àtijọ́ lè là, kí ilé ọmọ sì fà ya. Ìyá àti ọmọ a lọ ní alẹ́ kan. Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn ní Port Harcourt kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àwọn oníṣègùn Nàìjíríà, wọ́n sì ka wíwọ́ ikùn aláboyún mọ́ àwọn ohun tí ń pa ìyá. Láti ìgbà náà wá, a kò gbọ́ kí a lu agogo rẹ̀ ní ọjà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ kan wọn rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí ó gbé jáde ní ọdún 2018 lórí ìtọ́jú obìnrin tí ń rọbí, fi ìfọwọ́ra àti aṣọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ara ohun tí a lè fi dín ìrora kù fún obìnrin tí ara rẹ̀ le tí ó sì béèrè fún un. Bí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ bá dúró tì í, tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí bí ìrọbí ti ń gòkè, oore ni ó ń ṣe. Àwọn oníṣègùn fúnra wọn a máa fi ọwọ́ yí ọmọ tí ó kọ ìdí sísàlẹ̀ padà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi ẹ̀rọ wo ibi tí ọmọ àti ibi ọmọ wà, yàrá iṣẹ́ abẹ yóò sì wà nítòsí. Agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ náà a máa fi ọwọ́ wọ́ ilé ọmọ lẹ́yìn tí ọmọ àti ibi bá ti jáde, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà jù. Ọwọ́ kan náà ni. Ìmọ̀ ni ó yàtọ̀. Èyí tí a lè sọ fún gbogbo ilé ni pé kí wọ́n fọwọ́ ra ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ aláboyún tìfẹ́tìfẹ́, kí wọ́n sì fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀.

A sọ pé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tí ó ń gbóná, tí ó sì ń dun ènìyàn, pàápàá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó dì nínú iṣan rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà sílẹ̀ kí ó sì gba inú iṣan lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ni ó ni ẹsẹ̀ yẹn, kì í ṣe òróró. Ti egungun tí ó ṣẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀: àwọn atoegun wa mọ iṣẹ́ wọn ju bí àwọn kan ti rò lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wọ́ ojú egungun tí ó ṣẹ́, tí a sì fi ọparun àti okùn dì í le koko, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ tí ó jábọ́ lórí igi máńgòrò a sì di ohun tí a ń gé. Ní ti ìkókó, kí a máa rà á, kí a máa nà án, ṣùgbọ́n kí a yé fi ọwọ́ tẹ àwùjẹ rẹ̀, kí a yé jù ú sókè, kí a sì yé fi òróró agbóná tí ó ní kánfọ̀ nínú ra á láyà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ tí ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé báyìí kò ṣeé tún tò mọ́. Ìtàn Ìlú Ọba ta kò wọ́n. Ní ọdún 1894, iṣẹ́ ìfọwọ́ra ní Lọ́ńdọ̀nù ti bàjẹ́ ju tiwa lọ. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kọ ọ́ síta pé àwọn ilé kan tí ó pe ara wọn ní ilé ìfọwọ́ra kò yàtọ̀ sí ilé aṣẹ́wó. Obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, Lucy Robinson, Rosalind Paget, Elizabeth Manley àti Margaret Palmer, kò jókòó kí wọ́n máa sunkún orúkọ rere tí ó bàjẹ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìdánwò kalẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin: ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà dókítà, kò gbọ́dọ̀ polówó ara rẹ̀ káàkiri, kò sì gbọ́dọ̀ ta oògùn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dé, ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun fi tún padà mọ bí a ti ń rìn. Ọba fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1920. Láti ara rẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ń pè ní físíótẹ́rápì ti jáde ní Ìlú Ọba.

Ogun náà ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń ti Bọ́mà àti ibòmíràn padà pẹ̀lú apá àti ẹsẹ̀ tí kò pé, a dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún wọn ní Ìgbóbì ní Èkó, èyí tí ó di ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni físíótẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ ti ara wọn sílẹ̀ ní 1959. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ dé ìwọ̀n oyè ní 1966. Ìjọba sì ṣe òfin ní 1988 tí ó gbé ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀ dìde. Iṣẹ́ tí ó dára ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n inú ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kọ́ ti ń ṣiṣẹ́, òkè òkun sì ń fa àwọn yòókù lọ. Ìyá àgbà tí ń wọ́ni ní abúlé kò rí ọ̀kan nínú wọn rí. Òfin kò mọ̀ ọ́n, ilé ìwòsàn kò mọ̀ ọ́n. Aláboyún nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

A gba ìjọba nímọ̀ràn kí ó má ṣe lé ìyá yìí. Bí a bá lé e, yóò wọ inú yàrá lọ, a kò sì ní rí i mọ́. Kí a pè é wá. Ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe: ní ilẹ̀ Etiópíà, a kó àwọn atoegun jọ, a fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń kú lábẹ́ ìdè hàn wọ́n, ìròyìn tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé iye ẹsẹ̀ àti apá tí a ń gé lẹ́yìn ìgbà náà dín kù gidigidi. A kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. A kọ́ wọn ni.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti kọmíṣọ́nnà ìlera kò pọ̀. Kí nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìtọ́jú abúlé kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ń wọ́ni ní àdúgbò rẹ̀. Kí onífísíótẹ́rápì kan láti ìlú wá bá wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó wo ọwọ́ wọn, kí ó gba ohun tí ó dára nínú rẹ̀, kí ó sì fi àmì aláboyún, àmì ẹsẹ̀ tí ó wú àti àmì egungun tí ó ṣẹ́ hàn wọ́n. Kí ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ náà ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi kọ́ sára ògiri. Kí a sì máa san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà fún un nígbà tí ó bá fúnra rẹ̀ mú aláboyún wá sí ilé ìtọ́jú dípò kí ó wọ́ ọ níkùn, nítorí owó ni ó ń pàdánù bí ó bá jẹ́ olóòótọ́. Èyí kò gba ilé tuntun, kò sì gba ẹ̀rọ kankan láti òkè òkun. Ẹní ni, àwo òrí kan, àti ọjọ́ tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ké gbàjarè láti 2004, jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹní náà.